Bí A Ṣe Ń Mú kí Lẹ́búlẹ́bú inú Iná LED Tan Ìmọ́lẹ̀ Sí I

ÀRÒKỌ ALÁLÀYÉ

Ìbéèrè: Ṣe àlàyé bí a ṣe ń mú kí lẹ́búlẹ́bú tí ó wà nínú àwọn gílóòbù òde òní tan ìmọ́lẹ̀ tí ó pọ̀ tí ó sì dára.

Ohun tí ìbéèrè yìí ń fẹ́ ni kí olùdánwò sọ bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀ àti ìdí tí ó fi ń rí bẹ́ẹ̀. A kò ní kí o kọ ìtàn gbogbo ẹni tí ó ti ṣe gílóòbù rí, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní kí o máa yin iná mànàmáná. Bí ọ̀rọ̀ kan bá jẹ́ ti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, túmọ̀ rẹ̀ níbi tí o bá ti kọ́kọ́ lò ó, kí o tó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ.

Mú àtùpà oníbátìrì tí o fi kàwé lálẹ́ àná, pa á, kí o sì wo ojú rẹ̀ dáadáa ní ọ̀sán. Ìmọ́lẹ̀ funfun báláú ni ó ń tàn lálẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí o óò rí lójú rẹ̀ báyìí kò funfun rárá. Àmì kékeré kan ni, tí ó pọ́n rúsúrúsú bí pupa ẹyin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rí i títí, wọn kò sì béèrè ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Lẹ́búlẹ́bú kan ni wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi bo ojú iná náà, òun gan-an ni ó sì ń sọ iná náà di funfun. Fọ́sífọ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe irú lẹ́búlẹ́bú bẹ́ẹ̀, èyíinì ni ohun tí ó lè gba ìmọ́lẹ̀ kan sára kí ó sì tan ìmọ́lẹ̀ mìíràn jáde.

Abẹ́ lẹ́búlẹ́bú yìí ni ègé kan wà tí kò tó hóró ìrẹsì. Bí iná mànàmáná bá gba inú rẹ̀ kọjá, ìmọ́lẹ̀ búlúù nìkan ni ó ń tàn. Ọdún 1993 ni Shuji Nakamura, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Nichia ní ilẹ̀ Jàpáànù nígbà náà, fi èyí tí ó mọ́lẹ̀ gan-an han ayé. Òun, Isamu Akasaki àti Hiroshi Amano ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ físíìsì ní 2014 nítorí iná búlúù yìí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi iná búlúù kàwé? Ní 1996, ilé-iṣẹ́ Nichia kan náà mú fọ́sífọ̀ aláwọ̀ ìyeyè, wọ́n sì fi bo iná búlúù náà lójú. Apá kan nínú ìmọ́lẹ̀ búlúù wọ inú lẹ́búlẹ́bú, ó sì jáde ní àwọ̀ ìyeyè. Apá kejì gba àárín rẹ̀ kọjá láìyí padà. Méjèèjì jọ dé inú ojú wa pọ̀, ojú sì kà wọ́n sí funfun. Lẹ́búlẹ́bú náà kì í ṣe ohun tuntun nígbà náà. Láti 1967 ni Blasse àti Bril, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ ní ilé-iṣẹ́ Philips ní ilẹ̀ Họ́láńdì, ti kọ̀wé nípa rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rọ tí ó fara jọ tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ní lọ́kàn.

Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Èròjà mẹ́ta ni ó pọ̀ jù níbẹ̀: ítíríọ́ọ̀mù, alumíníọ́ọ̀mù àti ọ́síjìn. Átọ́ọ̀mù wọn, ìyẹn àwọn hóró tí ó kéré jù lọ tí èròjà kọ̀ọ̀kan pín sí, so kọ́ra létòlétò bí bíríkì tí a tò, ohun tí ó sì jáde ni kírísítálì kan tí ó le bí òkúta. Ilé lásán ni kírísítálì yìí. Kò lè dá tan ìmọ́lẹ̀ ìyeyè. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà ni àlejò kan tí wọ́n fi lú u, èyíinì ni sẹ́ríọ́ọ̀mù. Átọ́ọ̀mù sẹ́ríọ́ọ̀mù díẹ̀díẹ̀ a máa jókòó sí àyè tí ó yẹ kí ítíríọ́ọ̀mù jókòó sí. Nínú sẹ́ríọ́ọ̀mù yìí ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan wà, ọ̀kan lára àwọn nǹkan tíntìntín tí ó máa ń wà yí inú gbogbo átọ́ọ̀mù ká. Bí ìmọ́lẹ̀ búlúù bá dé, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yìí a gba agbára rẹ̀, a sì fò gun òkè. Kò lè pẹ́ níbẹ̀. Kí ìdá kan nínú 10,000,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan tó pé, ó ti jábọ́ padà, agbára tí ó fi gòkè a sì jáde ní ìmọ́lẹ̀ ìyeyè.

Sẹ́ríọ́ọ̀mù àti ítíríọ́ọ̀mù wà lára àwọn èròjà 17 tí à ń pè ní èròjà ilẹ̀ ọ̀wọ́n. Orúkọ náà lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Sẹ́ríọ́ọ̀mù tí ó wà nínú ilẹ̀ ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bàbà. Ohun tí ó mú kí wọ́n dà bí ọ̀wọ́n ni pé wọ́n máa ń pò mọ́ra wọn, iṣẹ́ ńlá sì ni láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Abúlé kan wà ní ilẹ̀ Súwídìn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ytterby. Inú òkúta tí wọ́n rí níbẹ̀ ni Johan Gadolin ti ṣàwárí erùpẹ̀ ítíríọ́ọ̀mù ní 1794, èròjà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a sì fi orúkọ abúlé náà sọ. (N kò gbọ́ pé ìlú ńlá kankan ní irú ọlá bẹ́ẹ̀.) Nígbà tí ilẹ̀ Ṣáínà dín iye tí ó ń tà sí òkè òkun kù ní 2010, owó àwọn èròjà wọ̀nyí fò sókè lọ́dún tí ó tẹ̀lé e. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí ènìyàn í máa fi ṣòfò.

Wàyí o, bí a bá ní ìmọ́lẹ̀ kò tó, ó yẹ kí a mọ ibi tí ó ń gbà sọnù. Apá kan wà tí kò sí ẹni tí ó lè dá a dúró. Ìmọ́lẹ̀ a máa rìn ní ìgbì bí omi òkun, bí ìgbì náà bá sì ṣe gùn tó ni agbára rẹ̀ ṣe ń kéré tó. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ búlúù inú LED gùn tó nǹkan bí nánómítà 450, ti ìyeyè sì tó 560. Nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà. Ìmọ́lẹ̀ tún máa ń wá ní hóró hóró. Bí hóró ìmọ́lẹ̀ búlúù kan bá wọlé tí hóró ìyeyè kan sì jáde, nǹkan bí 20 nínú 100 agbára rẹ̀ ni yóò ti di ooru. Owó oníbodè ni èyí, dandan ni kí a san án. Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́ ni kí a rí i pé gbogbo hóró tí ó wọlé ni ó jáde ní ìmọ́lẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú tí wọn kò ṣe dáadáa lè gba 100 kí ó má dá ju 50 padà. Èyí tí wọ́n ṣe dáadáa ń dá ju 90 lọ padà. Lójú ẹni tí ó ń fi bátìrì kan ṣoṣo kàwé fún ìdánwò, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Bátìrì kan náà ni yóò tán, ṣùgbọ́n ìwé ẹnì kìíní yóò hàn kedere, ti ẹnì kejì yóò sì máa ṣú lójú.

Èrò tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn ènìyàn ni pé kí a fi sẹ́ríọ́ọ̀mù púpọ̀ sí i. Bí àlejò kan bá ń tan ìmọ́lẹ̀, ṣé igba àlejò kò ní tàn jù bẹ́ẹ̀ lọ ni? Títí dé àyè kan, bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Lẹ́yìn náà, ìmọ́lẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí àwọn átọ́ọ̀mù sẹ́ríọ́ọ̀mù bá jìnnà sí ara wọn, èyí tí ó gba agbára kò rí ẹni tí yóò gbé e fún, àfi kí ó sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá sún mọ́ra jù, wọn a máa gbé agbára náà láti ọwọ́ dé ọwọ́, bí ìgbà tí àwọn ènìyàn tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ tí wọ́n ń na garawa omi síra wọn nígbà tí ilé ń jó. Bí garawa náà bá dé ọwọ́ ẹni tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kòtò, ìyẹn ibi tí kírísítálì ti ní àbùkù, ibẹ̀ ni omi yóò dànù sí. Agbára náà di ooru, ìmọ́lẹ̀ kankan kò sì jáde. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé nínú 100 àyè tí ó jẹ́ ti ítíríọ́ọ̀mù, 1 sí 3 péré ni wọ́n sábà máa ń fún sẹ́ríọ́ọ̀mù. Kò sì gbọdọ̀ kéré jù bákan náà, nítorí pé lẹ́búlẹ́bú náà kò ní lè gba ìmọ́lẹ̀ búlúù tó. A ó wá níláti fi èyí tí ó nípọn bo ojú iná, èyí tí ó bá sì nípọn a máa da ìmọ́lẹ̀ padà sẹ́yìn.

Láti inú ọ̀rọ̀ garawa yìí ni a ti lè rí ohun tí ó tún kàn. Bí kòtò bá dín kù, ibi tí omi lè dànù sí dín kù. Àwọn èròjà tí a ó pò gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní. Irin díẹ̀ péré tí ó bọ́ sínú wọn tó láti máa jí agbára gbé, nítorí náà ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ṣe ń yẹra fún odó onírin nígbà tí wọ́n bá ń lọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn pípò, wọn a kó wọn sínú ìkòkò tí iná kò lè yọ́, wọn a sì gbé e sínú ìléru tí ìgbóná rẹ̀ tó 1500 dígíìrì Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Rántí pé 100 dígíìrì péré ni omi fi ń hó. Bí iná kò bá tó, àwọn átọ́ọ̀mù kò ní dé àyè wọn tán, ilé náà yóò sì kún fún àbùkù. Wọn a tún fi ìwọ̀nba èròjà kan tí ó tètè ń yọ́ sí i, irú bí báríọ́ọ̀mù flóráídì, gẹ́gẹ́ bí alágbẹ̀dẹ wúrà ṣe ń lo bóráàsì. Èyí a máa mú kí àwọn átọ́ọ̀mù rìn kíákíá, kí hóró lẹ́búlẹ́bú dàgbà, kí ara rẹ̀ sì dán.

Afẹ́fẹ́ inú ìléru náà wà lára ohun tí ó ṣe pàtàkì, lójú tèmi ibí yìí sì ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù. Nínú kírísítálì, sẹ́ríọ́ọ̀mù lè pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Èyí tí ó pàdánù mẹ́ta ṣì ní ẹyọ kan tí ó lè gun òkè kí ó sì jábọ́. Èyí tí ó pàdánù mẹ́rin kò ní èyí tí yóò fò mọ́. Ó wà níbẹ̀ lásán ni. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sì fẹ́ràn láti gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kẹrin yìí lọ. Nítorí náà, wọn a lé afẹ́fẹ́ lásán jáde kúrò nínú ìléru, wọn a sì fi náítírójìn tí wọ́n lú háídírójìn díẹ̀ mọ́ rọ́pò rẹ̀, kí ó má baà sí ẹni tí yóò jí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà gbé. Èròjà lè dọ́gba, ìwọ̀n lè dọ́gba, wákàtí tí wọ́n lò nínú iná lè dọ́gba, síbẹ̀ kí lẹ́búlẹ́bú ìdí ìléru kan máa tàn ju ti èkejì lọ nítorí afẹ́fẹ́ nìkan.

Ti bí hóró náà ṣe tóbi tó kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ara ìta hóró ni àbùkù máa ń pọ̀ sí. Bí hóró bá kéré jù, ara ìta rẹ̀ a pọ̀ ju inú lọ. Bí ó bá sì tóbi jù, kò ní í pò dọ́gba nínú gọ́ọ̀mù. Nǹkan bí ìdá 10 sí 20 nínú 1000 mìlímítà ni èyí tí àwọn oníṣẹ́ sábà máa ń lò.

Àwọn ènìyàn a máa sọ pé iná LED kì í gbóná. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni pé kì í gbóná bí gílóòbù onírin àtijọ́, ṣùgbọ́n inú ègé kékeré tí ó ń tan búlúù lè gbóná ju omi híhó lọ, ọrùn rẹ̀ sì ni lẹ́búlẹ́bú wà. Bí ooru bá mú kírísítálì, gbogbo átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ a máa gbọ̀n. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó wà lókè lè tipa bẹ́ẹ̀ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú sọ̀kalẹ̀, kí agbára rẹ̀ di ìgbọ̀nrìrì lásán dípò ìmọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń dán fọ́sífọ̀ wò ní 150 dígíìrì Celsius: bí ó bá tan 100 nígbà tí ó tutù, èló ni yóò tàn nígbà tí ó gbóná? Fọ́sífọ̀ ìyeyè tí à ń wí yìí kò fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù ooru. Ní 2009, Bachmann, Ronda àti Meijerink fi hàn pé bí sẹ́ríọ́ọ̀mù inú rẹ̀ bá kéré, ìgbóná lè ju 300 dígíìrì lọ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó fà sẹ́yìn. Bí sẹ́ríọ́ọ̀mù bá pọ̀, ooru a máa mú kí garawa tètè rin láti ọwọ́ dé ọwọ́, a sì tètè dànù.

Ohun ìyanu kan jáde ní ilẹ̀ Gúúsù Kòríà ní 2017. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ṣe fọ́sífọ̀ kan tí ó ní sódíọ́ọ̀mù, skándíọ́ọ̀mù àti fọ́sífétì nínú, wọ́n sì fi yuropíọ́ọ̀mù, tí òun náà jẹ́ èròjà ilẹ̀ ọ̀wọ́n, lú u. Ìmọ́lẹ̀ búlúù tí ó ń tàn kò dín kù títí tí ìgbóná fi dé 200 dígíìrì. Àbùkù inú kírísítálì náà, tí ó yẹ kí ó jẹ́ olè, ni ó di ìkòkò ìpamọ́: ó ń gba agbára pamọ́, bí ooru bá sì dé, ó ń tú u sílẹ̀ fún yuropíọ́ọ̀mù láti fi dí èyí tí ooru jẹ.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, nítorí náà àwọn mìíràn kò fọwọ́ kan lẹ́búlẹ́bú náà rárá, ibi tí ó jókòó sí ni wọ́n yí padà. Wọ́n lè gbé e jìnnà díẹ̀ sí ègé búlúù náà. Fún àwọn iná alágbára, wọ́n lè pò ó mọ́ gíláàsì dípò gọ́ọ̀mù, tàbí kí wọ́n sun lẹ́búlẹ́bú fúnra rẹ̀ pọ̀ di àwo pẹlẹbẹ, nítorí pé gọ́ọ̀mù kì í jẹ́ kí ooru tètè jáde, òun náà a sì máa bàjẹ́ bí ó bá pẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ tí ó pọ̀ lè má dára síbẹ̀. Búlúù àti ìyeyè pọ̀ di funfun lóòótọ́, ṣùgbọ́n pupa inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Gbé aṣọ àlàárì tàbí ata rodo sábẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀, ìwọ yóò rí i pé àwọ̀ wọn kú. Ní ilé, ìyẹn kò ju kí ọjà má wu ni rà. Ní ilé ìwòsàn, níbi tí dókítà ti níláti fi ojú mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹran ara tí ẹ̀jẹ̀ ń dé àti èyí tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, ọ̀ràn ẹ̀mí ni.

Ọ̀nà kan tí wọ́n kọ́kọ́ gbà ni pé wọ́n mú ítíríọ́ọ̀mù díẹ̀ kúrò nínú ilé, wọ́n fi gadolíníọ́ọ̀mù rọ́pò rẹ̀. Ilé náà fẹ̀ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sẹ́ríọ́ọ̀mù sì sún mọ́ ọ̀nà pupa. Ṣùgbọ́n gadolíníọ́ọ̀mù púpọ̀ a máa mú kí ooru tètè pa ìmọ́lẹ̀ náà. Wọ́n yíjú sí yuropíọ́ọ̀mù. Èyí tí ó ti pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta ni ó ń tan pupa nínú tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ mèremère àtijọ́ àti nínú gílóòbù gbọọrọ. Ó ṣeni láàánú pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìmọ́lẹ̀ búlúù sára rárá. Èyí tí ó pàdánù méjì péré ń gbà á dáadáa. Bí wọ́n bá sì fi í sínú kírísítálì tí náítírójìn wà nínú rẹ̀ dípò ọ́síjìn, pupa ni ó ń tàn. Ní 2006, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jàpáànù kọ̀wé nípa ọ̀kan tí ó ní kálíṣíọ́ọ̀mù, alumíníọ́ọ̀mù, sílíkọ́ọ̀nù àti náítírójìn nínú, tí ooru kò sì tètè mú. Àwọn oníṣẹ́ iná tẹ́wọ́ gbà á.

Síbẹ̀, pupa rẹ̀ fẹ̀ jù. Apá kan rẹ̀ kọjá nánómítà 700, níbi tí ojú ènìyàn kò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ríran mọ́, bátìrì sì ń san owó ìmọ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ní 2014, Wolfgang Schnick àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Munich ní ilẹ̀ Jámánì ṣe ọ̀kan tí ó ní stróńtíọ́ọ̀mù, líthíọ́ọ̀mù, alumíníọ́ọ̀mù àti náítírójìn nínú, tí yuropíọ́ọ̀mù ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Pupa rẹ̀ wà ní nǹkan bí nánómítà 650, kò sì fẹ̀ ju nǹkan bí ìlàjì ti ìṣáájú lọ, nítorí pé ilé tí yuropíọ́ọ̀mù ń gbé níbẹ̀ le gan-an, àyè tí ó jókòó sí sì bára mu ní gbogbo ẹ̀gbẹ́.

O lè fi ojú ara rẹ mọ èyí tí wọ́n lò nínú àtùpà rẹ. Pa á, kí o tún wo ojú rẹ̀ ní ọ̀sán bí a ti wí lẹ́ẹ̀kan. Bí àmì náà bá jẹ́ ìyeyè tí ó fẹ́ jọ àwọ̀ ewé, ìyeyè nìkan ni ó wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò sì funfun bí ti òṣùpá. Bí ó bá pọ́n bí omi ọsàn, wọ́n ti fi fọ́sífọ̀ pupa sí i, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò sì rọ̀ bí ti àtùpà elépo.